Ẹ Fọ Ilé Bíléèdì Ná

Láìpẹ́ yìí, ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Sangotedo, wọ́n ń yin ọ̀dọ́mọkùnrin kan pé ọwọ́ rẹ̀ yá: kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán tán, ó ti pààrọ̀ bíléèdì máṣíìnì pléènì. Mo fọwọ́ ra pákó apá tó kọ́kọ́ pléènì. Ìgbì ni láti orí dé ìdí! Mo ní kí wọ́n tú bíléèdì náà. Eruku igi àti oje tó ti gan ló jókòó lé. Inú ṣì ń bí mi.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ mọ bí a ṣe ń tú bóòtù. Ẹ mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ já iná kúrò pátápátá, nítorí iná NEPA tó lọ lè dé nígbàkigbà. Ilé bíléèdì ni mo fẹ́ sọ: kòtò tó ń jókòó sí, àti irin tó há a mọ́ ibẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́.

Bí eruku bá gbé bíléèdì kan ga ju àwọn yòókù, òun nìkan ni yóò máa jẹ igi. Ibẹ̀ ni ìgbì ti ń wá. Èyí tó burú jù nìyí: ẹ rò pé irin lẹ fún mọ́ irin, eruku lẹ fún. Àgbá tó gbé àwọn bíléèdì, tó ń yí nígbà 4,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú kan yóò mú kí eruku yẹn rún, bóòtù á dẹ̀, bíléèdì á fò jáde. Ta ló dúró síwájú rẹ̀?

Láti Lekki dé Ajah, àárín ọ̀sà àti òkun la wà. Atẹ́gùn oníyọ̀ ń jẹ máṣíìnì tòkunbọ̀ wa, ìpáta ń bá eruku jókòó sínú kòtò náà. Ẹ fọ̀ ọ́.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní Oko Baba, ní Èbúté Mẹ́tta, tí gẹdú ń gba orí ọ̀sà wá, ọ̀gá mi kì í kọ́kọ́ fún wa ní súpánà. Kẹrosíìnì, búrọ́ọ̀ṣì àti àkísà ló ń fún wa. Tí a bá fọ̀ ọ́ tán, á fi àkísà funfun nù ún. Bó bá dúdú, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Bí òkúta inú ìrókò bá ṣá bíléèdì kan, gbogbo wọn la ó jọ pọ́n, kí wọ́n lè wọ̀n dọ́gba. Ọ̀gá mi kì í pariwo. Àárò rẹ̀ ń sọ mí.

Bí ẹ bá ti fọ ilé náà tán, tí ẹ sì ti de bíléèdì padà, ẹ tẹ́ igi tó gún sórí tábìlì ẹ̀yìn, kí ẹ fọwọ́ yí àgbá. Bí bíléèdì kan bá gbé igi náà síwájú ní mìlímítà 3, kí gbogbo wọn gbé e bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀kan bá ṣe jù, ẹ má fi òòlù lù ú. Ẹ tú u, ẹ tún ilé rẹ̀ fọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ti ní ọmọ iṣẹ́, ẹ má yìn ín pé ó yára títí ẹ ó fi rí àkísà rẹ̀.