Ojú Olójú Kò Jọ Ojú Ẹni: Ẹ̀kọ́ fún Ẹni Tó Ń Kọ́lé sí Nàìjíríà Láti Ìlú Òyìnbó

Ọ̀rọ̀ tó kàn lónìí, ọ̀rọ̀ ilé ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó wà ní London, Manchester tàbí Birmingham ló ní in lọ́kàn pé kí ọjọ́ ogbó tó dé, òun á ti ní ilé tòun nílé. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tó máa ń wá bá wa fún ìmọ̀ràn, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ilé yìí gan-an ló sọ wọ́n di ọ̀tá ẹbí wọn, tó sì kó gbèsè lé wọn lórí. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí a jọ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ara mi ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1997, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ohun tí mo bá rí, ẹ̀gbọ́n mi kan nílé ni mò ń fi í ránṣẹ́ sí. Òun ló ra ilẹ̀, òun ló ń ra sìmẹ́ǹtì, òun ló ń sanwó fún bíríkìlà, òun náà ló ń ya fọ́tò. Ọdún mẹ́ta gbáko nìyẹn. Nínú fọ́tò tó fi ránṣẹ́ gbẹ̀yìn, ilé ti gba páànù. Nígbà tí mo délé ní Kérésìmesì ọdún 2000, ilé tèmi kò tíì kọjá òkè fèrèsé. Ilé tó gba páànù yẹn, ti aládùúgbò ni.

Mo bínú, mo pariwo, mo ní àgọ́ ọlọ́pàá ló kàn. Ìgbà tí màmá wa pè mí wọ yàrá ni mo tó gbọ́ pé iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún un ni ẹ̀gbọ́n mi fi apá kan owó náà san. Wọn ò jẹ́ kí n mọ̀, kí àyà mi má baà já. Èyí tó kù nínú owó náà, kò rí àlàyé kankan ṣe lórí rẹ̀. Kò sí ìwé, kò sí rìsíìtì. Títí dòní, n kò lè sọ pé ó jẹ ẹ́, n kò sì lè sọ pé kò jẹ ẹ́. Ọdún mẹ́fà la fi wà tí a ò kí ara wa.

Mo ti rò ó sókè, mo ti rò ó sódò. Ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ mí, ṣùgbọ́n èmi náà lẹ́bi. Iṣẹ́ èèyàn mẹ́rin ni mo kó lé ẹnì kan lórí, láìsí ẹlẹ́rìí. Bó bá ṣe òtítọ́, kò sí bó ṣe máa fi hàn mí. Bó bá sì ṣe màgòmágó, kò sí bí mo ṣe máa mọ̀. Gbogbo ohun tí a máa sọ nísàlẹ̀ yìí, ohun kan ṣoṣo ló dá lé: ẹ má kó gbogbo rẹ̀ sọ́wọ́ ẹnì kan. Kì í ṣe owó yín nìkan ni èyí máa ń dáàbò bò, ó ń dáàbò bo ẹbí yín pẹ̀lú.

ẸKỌ́ KÌÍNÍ: ÌWÉ ILẸ̀ NI KÓ ṢÁÁJÚ BÚLỌ́Ọ̀KÙ

Láti ọdún 1978 tí òfin ìlò ilẹ̀ ti jáde ní Nàìjíríà, ọwọ́ gómìnà ni òfin fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí, kó máa bá gbogbo ará ìlú mójú tó o. Síbẹ̀, ọwọ́ ẹbí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ra ilẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn dáadáa: bí ẹnì kan bá ta ilẹ̀ ẹbí tí olórí ẹbí kò sí níbẹ̀, títà yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìfi lọ àwọn àgbà tó ń ṣojú fún ojúlé kọ̀ọ̀kan, àwọn yẹn lè lọ sílé ẹjọ́ pé kí wọ́n fagi lé e. Nítorí náà, rìsíìtì tí ọmọ onílẹ̀ kan ṣoṣo fọwọ́ sí kò tó. Kí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ojúlé fọwọ́ sí i níwájú lọ́yà tiyín, kì í ṣe lọ́yà ẹni tó ń tà.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ gba sọ́fè ilẹ̀ náà. Ẹ wá sọ́fíyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ, kó lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì Surveyor-General ìpínlẹ̀ náà, kó sì wò ó bóyá nọ́ńbà tó wà lára òpó ilẹ̀ bá ti inú ìwé mu. Ibẹ̀ la ti ń mọ̀ bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbà sílẹ̀ fún iṣẹ́ tirẹ̀. Bó bá bọ́ sínú rẹ̀, kódà kí gbogbo ẹbí fọwọ́ sí i, katakata lè dé lọ́la.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ púlọ́ọ̀tì tàn yín. Ẹ béèrè iye ẹsẹ̀ bàtà. Púlọ́ọ̀tì 60 sí 120 jẹ́ 7,200 ẹsẹ̀ bàtà níbùú lóròó. Ti 50 sí 100 jẹ́ 5,000 péré. Ẹ béèrè owó ìpìlẹ̀ àti owó páànù tí àwọn ọmọ onílẹ̀ máa ń gbà, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú àdéhùn kí ẹ tó sanwó ilẹ̀. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, òfin kan wà láti ọdún 2016 tó lòdì sí kí ẹnikẹ́ni fi ipá wọ ilẹ̀ onílẹ̀. Ṣùgbọ́n àdéhùn tó wà nínú ìwé sàn ju ẹjọ́ lọ.

Orúkọ ti ara yín ni kó wà lórí ìwé. Bí tọkọtaya bá jọ dáwó, kí orúkọ àwọn méjèèjì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fún ẹnì kan ní ìwé àṣẹ láti ṣojú yín, ẹ kọ ohun tó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe sínú rẹ̀, kó sì hàn gbangba pé kò láṣẹ láti tà á.

ẸKỌ́ KEJÌ: Ẹ PÍN IṢẸ́ NÁÀ

Ẹni tó ń ná owó kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń jẹ́rìí sí i. Ẹ wá ẹnì kan tó máa ra ohun èlò, ẹnì kejì tó máa kọ́ ilé, àti ẹnì kẹta tí kò bá àwọn méjèèjì tan, tó máa wá wo iṣẹ́ ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kẹta yìí, ó dára kó jẹ́ ìnjínnià tí ẹ ń sanwó fún. Ẹ má sọ pé owó rẹ̀ pọ̀ jù. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Bó bá jẹ́ ẹbí ni ẹ fi síbẹ̀, ẹ san owó ẹsẹ̀ fún un ní gbangba. Ẹni tó ń pa ọjà rẹ̀ tì torí ilé yín, ebi ń pa òun náà. Bí ẹ kò bá fún un, ó lè bù ú fúnra rẹ̀. Kí ẹ sì ya àpò ẹbí sọ́tọ̀ kúrò lára àpò ilé. Ẹ sọ ọ́ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé bí àìsàn bá dé, kí wọ́n pè yín, owó rẹ̀ á wá láti inú àpò kejì. Ká ní mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi kì bá tí fi nǹkan pa mọ́ fún mi.

Ẹ má fi owó ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìpìlẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ògiri títí dé òkè fèrèsé, lẹ́yìn náà páànù, kí wáyà àti páìpù tó tẹ̀ lé e, kí a tó wá rẹ́ ilé. Bí ẹ kò bá tíì rí ìpele kan, ẹ má san ti èkejì. Ọ̀rọ̀ fọ́tò ti kọjá. Ẹ pè wọ́n lórí WhatsApp kí ẹ máa wò ó lójú ẹsẹ̀: kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti oríta, kí wọ́n rìn dé ibi òpó ilẹ̀ títí nọ́ńbà ara rẹ̀ á fi hàn, kí wọ́n tó wọ inú ilé. Ilé aládùúgbò kò ní nọ́ńbà tiyín.

ẸKỌ́ KẸTA: OHUN TÍ Ẹ LÈ KÀ LÁTI IBI TÍ Ẹ WÀ

Búlọ́ọ̀kù ṣeé kà. Mítà kan níbùú lóròó ń gba nǹkan bí búlọ́ọ̀kù 10. Ògiri tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10, kò yẹ kó gbà ju nǹkan bí 110 lọ, kí a tó yọ ti fèrèsé. Bí wọ́n bá ní 200, ẹ béèrè ibi tí ìyókù wọlé sí. Búlọ́ọ̀kù tó bá ń rún lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń já a kúrò nínú ọkọ̀, ẹ ní kí wọ́n dá a padà.

Sìmẹ́ǹtì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ wo ara àpò. Ní ọdún 2014, SON, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, pàṣẹ pé èyí tí wọ́n kọ 32.5 sí wà fún rírẹ́ ògiri, pé 42.5 ni kí a fi ṣe òpó, dẹ́kìn àti búlọ́ọ̀kù. Ẹ má sì rà á pa mọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, torí omi inú afẹ́fẹ́ máa ń sọ ọ́ di òkúta nínú àpò.

Ìwọ̀n kọnkéré tí àwọn bíríkìlà mọ̀ fún òpó àti dẹ́kìn ilé kékeré ni sìmẹ́ǹtì kan, yanrìn méjì, òkúta gíránáìtì mẹ́rin. Omi púpọ̀ máa ń mú kó rọrùn láti pò, ṣùgbọ́n ó ń jẹ agbára rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá dà á, kí wọ́n máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ méje ó kéré tán, kí igi tó gbé dẹ́kìn dúró má sì kúrò kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó pé. Irin tí wọ́n pè ní 16mm, ẹ ní kí ìnjínnià wọ̀n ọ́n, torí irin tó tín-ín-rín wà lọ́jà tó ń jẹ́ orúkọ èyí tó nípọn.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Ìkòyí, l'Ékòó, wó lulẹ̀, ó sì pa èèyàn tó lé ní 40. Ẹ gba ìwé àṣẹ pílánì lọ́wọ́ ìjọba kí ẹ tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Bí ilé bá jẹ́ ti pẹ̀tẹ́lẹ̀, ẹ má gbé òkè lé e lọ́la láìjẹ́ pé ìnjínnià ti yẹ ìpìlẹ̀ wò. Kí ẹ sì jẹ́ kí sọ́kàwéè jìnnà sí kànga bí ilẹ̀ bá ti lè gbà tó. Ẹ wo ibi tí ti aládùúgbò wà pẹ̀lú.

ẸKỌ́ KẸRIN: Ẹ MÁ GBÀGBÉ ÌHÍN

Bí ẹ bá ń gba Universal Credit, ilẹ̀ tàbí ilé tí ẹ ní nílé jẹ́ ohun ìní tí ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún wọn. Bí owó àti ohun ìní tí wọ́n kà sí yín lọ́rùn bá ju £16,000 lọ, owó ìrànlọ́wọ́ náà lè dúró. Èyí tí ẹ bá fi pa mọ́, wọ́n lè gbà á padà, ó sì lè di ẹjọ́. Bí ẹ bá fi ilé náà gba ayálégbé, owó tó ń wọlé níbẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún HMRC. Ẹ wá bá wa kí ẹ tó kọ́ fọ́ọ̀mù. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ má fi ilé tí ẹ ń gbé níhìn-ín dúró fún gbèsè torí ilé tí ẹ ò tíì gbé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kékeré. Yàrá méjì pẹ̀lú pálọ̀ tó parí, tí ènìyàn lè sùn sí, ó sàn ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí igbó hù sínú rẹ̀ lọ. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.

ÌBÉÈRÈ TÍ Ẹ LÈ JỌ GBÉ YẸ̀ WÒ NÍLÉ

1. Orúkọ ta ló wà lórí ìwé ilẹ̀ wa? Ta ló fọwọ́ sí i?
2. Ta ló ń ná owó, ta ló ń jẹ́rìí? Ṣé ẹnì kan náà ni?
3. Bí àìsàn bá dé nílé lóṣù yìí, àpò wo ni owó rẹ̀ ti máa wá?
4. Bí mo bá kú lọ́la, ṣé ìyàwó tàbí ọkọ mi mọ ibi tí ìwé náà wà?

Níbi ìsìnkú màmá wa ní ọdún 2006 ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti bá ara wa sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ilé náà, òun ni mo ní kó máa ra ohun èlò. Ìnjínnià ló ń kà á, èmi ni mò ń sanwó rẹ̀. Ọjọ́ tí mo sọ ètò náà fún un, mo rò pé á bínú. Ó ní, "Àbúrò mi, ká ní o ti ṣe é báyìí nígbà yẹn ni, mi ò bá ti rí ohun tí máa fi dá ara mi láre."