Ẹ̀yin Ọmọ Mi, Rìsíìtì Yín Dà?

Ẹ̀yin ọmọ mi o. Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n bá yín wí díẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀rọ̀ owó tí ẹ ń fi ta àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga wa lọ́rẹ ni. Ẹ ń fúnni, ẹ ṣeun, ọwọ́ yín ò ní kan. Àmọ́ ọ̀nà tí ẹ ń gbà fúnni yìí ni mi ò fara mọ́.

Ẹ wò ó bí a ṣe ń ṣe é ní Ọ̀wọ̀ níbí. Bí oṣù September bá dé, tí ọdún Igogo wọlé, àwọn ọmọ wa á ti Èkó, Àbújá àti òkè òkun rọ́ dé. Ẹ sì mọ̀ pé nígbà Igogo a kì í lu ìlù, agogo là ń lù; obìnrin kì í wé gèlè, ọkùnrin kì í dé fìlà. Bóyá nítorí pé kò sí gèlè tí ẹ ó fi ṣe fàájì lẹ ṣe ń fi owó ṣe é. Ẹ ó pe ara yín jọ síbi lọ́ǹṣì, alága ìdúró á gbé makirofóònù, "Mílíọ̀nù kan láti ọwọ́ ọmọ wa tó ti Houston dé!" Àtẹ́wọ́. Akọ̀wé á kọ orúkọ sínú ìwé ẹ̀sáásáìsì kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Bí ilẹ̀ bá mọ́, mo bá bi yín pé rìsíìtì dà, ẹ ó ní, "Màmá, nítorí Ọlọ́run ni a ṣe é."

Ọlọ́run gbà á, àmọ́ Ọlọ́run kọ́ ni yóò bá yín kọ fọ́ọ̀mù owó orí.

Ọmọ àbúrò mi kan ń ṣe búlọ́ọ̀kù lọ́nà Ìpele, ilé iṣẹ́ ńlá ni. Ó ra àga àti tábìlì fún ilé ẹ̀kọ́ gíga kan. Nígbà tí ọdún parí, akáńtáǹtì rẹ̀ béèrè ìwé. Fọ́tò ló mú jáde! Òun àti àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà dúró níwájú rìbọ́n pupa, wọ́n rẹ́rìn-ín dé eyín ọ̀gán. Akáńtáǹtì ní, "Ọ̀gá, fọ́tò ò ṣeé so mọ́ fọ́ọ̀mù." Àwọn àga yẹn ṣì wà níbẹ̀ o, àwọn ọmọ ń jókòó lórí wọn, ṣùgbọ́n kò sí bébà kan tó sọ iye tí wọ́n jẹ́.

Ẹ má sọ fún mi pé ìfẹ́ ẹ̀kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ní oṣù September 1947 ni Adékúnlé Ajásin di ọ̀gá Imade College ní Ọ̀wọ̀ níbí. Kò jẹ́ kí àwọn tíṣà jókòó pa. Ó ń ṣètò kí wọ́n lè lọ kàwé sí i ní University College, Ìbàdàn. Nígbà tó kúrò níbẹ̀ ní ìparí 1962, ó dá Owo High School sílẹ̀ ní January 1963. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, ẹ̀kọ́ náà bẹ́ẹ̀ ni. Lónìí, Pólì Rufus Giwa wà, èyí tí a mọ̀ sí Pólì Ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1979. Achievers University náà wà, ó gba ìwé àṣẹ ní 2007. Àwọn ọmọ Ìfọ́n, Ìdóàní àti Ùtẹ̀ kò ní láti rìn jìnnà mọ́ kí wọ́n tó rí ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ẹ sì fetí sí èyí: owó TETFund, tó ń ti ara owó tí kòmpínnì ń san wá, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ló ń bá lọ. Pólì lè rí i gbà, ti aládàáni kò sí níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni yìí ni ibi tí ọrẹ yín ti wúlò jù.

Ó yá, owó orí. Òfin owó orí kòmpínnì tí a ń lò títí di ìparí 2025 gbà pé bí kòmpínnì bá fi owó ta yunifásítì tàbí ilé ẹ̀kọ́ gíga mìíràn lọ́rẹ, wọ́n lè yọ ọ́ kúrò nínú èrè kí wọ́n tó bu owó orí lé e. Iye tó pọ̀ jù tí wọ́n ń gbà nígbà náà ni ìdá 15 nínú 100 èrè, tàbí ìdá 25 nínú 100 owó orí ọdún náà, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì. Òfin kan náà ní orúkọ àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tí ọrẹ tí a bá fún wọn ṣeé yọ. Boys' Brigade wà níbẹ̀, Red Cross wà níbẹ̀. Ó pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́ ti Boys' Brigade, mo rántí àwọn ọmọ tó máa ń fọn fèrè kọjá lójúde wa ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, tí wọn kì í jẹ́ kí a sùn.

Ẹ gbọ́ bí ìṣirò rẹ̀ ti rí. Ká ní èrè kòmpínnì jẹ́ ogún mílíọ̀nù náírà, tó sì wà lára àwọn ńlá tí wọ́n ń gba ìdá 30 nínú 100 lọ́wọ́ wọn. Mílíọ̀nù mẹ́fà ni owó orí. Bí ó bá ti fún ilé ẹ̀kọ́ ní mílíọ̀nù méjì, tí ìwé sì wà, mílíọ̀nù méjìdínlógún ni wọn yóò bu owó orí lé, ó di 5,400,000. Ó jèrè 600,000 náírà. Ẹ gbọ́ o, kì í ṣe pé ìjọba dá mílíọ̀nù méjì padà. Àwọn kan ń sọ bẹ́ẹ̀ kiri ní ọjà ọba, irọ́ ni. Ẹni tí kòmpínnì rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kì í san owó orí rárá, rìsíìtì rẹ̀ ò ní nǹkan tí yóò gé. Òfin kòmpínnì sì ni mò ń sọ o, kì í ṣe ti olówó oṣù.

Ọdún ti yí, òfin náà yí. Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin owó orí tuntun ní 26 oṣù June 2025, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2026. FIRS, àjọ tó ń gba owó orí, ti di Nigeria Revenue Service. Fún ìṣirò ọdún àtijọ́, ìdá 15 tí mo sọ yẹn ni. Fún ti tuntun, kí akáńtáǹtì yín ka ìwé òfin náà fúnra rẹ̀ kó tó kọ iye kankan. Kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu aládùúgbò ṣe é.

Kí ni rìsíìtì tó pé? Ọ́fíìsì búsà ni kó ti wá, kó ní nọ́ńbà, déètì, iye owó, ohun tí ẹ fún wọn fún, ìbuwọ́lùwé àti òǹtẹ̀. Orúkọ kòmpínnì gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà lọ́dọ̀ CAC, níbi tí wọ́n ti ń forúkọ kòmpínnì sílẹ̀, ni kí wọ́n kọ, kì í ṣe "Bọ̀dá Ṣẹ́gun àti Ìdílé". Bí ó bá jẹ́ àga tàbí sìmẹ́ńtì, ẹ fi ìwé tí ẹ fi rà á kún un.

Ẹ̀yin tó wà lókè òkun, ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní Peckham fi £500 ránṣẹ́ sí akáǹtì àbúrò rẹ̀ ní Ìfọ́n kó bá òun gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ó wá ń béèrè Gift Aid. Gift Aid ti wo! Ẹgbẹ́ àánú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń ṣe é fún. Ká ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú yín níbẹ̀ ti forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ àánú, tó sì jẹ́ pé ọwọ́ wọn ló gbà, tí ọmọ náà buwọ́ lu ìwé, tí owó orí tí òun fúnra rẹ̀ ti san lọ́dún náà sì tó o, ìjọba ibẹ̀ ìbá fi £125 kún un. Ti Amẹ́ríkà náà kò yàtọ̀ púpọ̀: ẹgbẹ́ tí ìjọba wọn mọ̀ ló gbọ́dọ̀ gba owó náà. Bí ó bá tó $250, ẹ ní láti gba lẹ́tà, lẹ́tà náà sì gbọ́dọ̀ sọ bóyá ẹ rí nǹkan gbà padà. Bí ẹ bá san $300 níbi àsè, tí oúnjẹ tí ẹ jẹ jẹ́ $60, $240 ni ọrẹ yín. Ìrẹsì náà wọ ìṣirò o, àwọn Òyìnbó kì í gbàgbé.

Ẹ má wá sọ pé gbígba rìsíìtì dà bí ẹni tí kò fẹ́ràn ìlú rẹ̀. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Búsà tí kò bá fẹ́ kọ rìsíìtì fún yín, ẹ bi í léèrè ibi tí owó wà.

Ó ku ẹ̀yin tí ẹ kéde mílíọ̀nù níbi lọ́ǹṣì tí ẹ kò tíì san kọ́bọ̀. Kò sẹ́ni tó máa kọ rìsíìtì fún àtẹ́wọ́. Orúkọ yín ṣì wà nínú ìwé ẹ̀sáásáìsì yẹn, mo ti rí i, akọ̀wé sì ti fi báírò pupa fàlà sábẹ́ àwọn kan.