ÀRÒKỌ AṢÀLÀYÉ: ÒGÌ, OÚNJẸ ÀÁRỌ̀ TÍ Ó Ń ṢE ARA LÓORE

Orí ọ̀rọ̀: Ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe oúnjẹ àárọ̀ kan tí ó wọ́pọ̀ ní àdúgbò rẹ, kí o sì fi hàn pé ó ń ṣe ara lóore.

OHUN TÍ ORÍ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ Ń BÉÈRÈ

Iṣẹ́ àròkọ aṣàlàyé ni láti mú ẹni tí kò mọ nǹkan dé ibi tí yóò ti mọ̀ ọ́n, tí yóò sì lè ṣe é fúnra rẹ̀. Kì í ṣe ìtàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a lè fi ìtàn kékeré ti ọ̀rọ̀ lẹ́yìn.

Ka orí ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. Apá méjì ni ó ní. Èkíní ń béèrè bí a ṣe ń ṣe oúnjẹ náà. Èkejì ń béèrè oore tí ó ń ṣe fún ara. Apá kejì yìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pàdánù máàkì. Wọn a se oúnjẹ náà jinná lórí ìwé, wọn a wá fi gbólóhùn kan ṣoṣo, ‘Oúnjẹ yìí dára fún ara púpọ̀,’ dì í ní ewé. Ẹni tí ó wí bẹ́ẹ̀ kò tí ì fi nǹkan kan hàn. Kí ni ó wà nínú oúnjẹ náà? Kí ni kò sí níbẹ̀? Ta ni ó tó fún, ta ni kò sì tó fún? Ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyí ni olùyẹ̀wò ń wá.

Yan oúnjẹ tí o mọ̀ dájú, tí ojú rẹ ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ògì ni a yàn níhìn-ín.

ÌLAPA ÈRÒ

1. Ìfáárà: ipò tí ògì wà láàárín àwọn oúnjẹ àárọ̀.
2. Irú ọkà tí a ń lò àti bí a ṣe ń rẹ ẹ́.
3. Lílọ̀ àti sísẹ́.
4. Pípò.
5. Oore tí ògì ń ṣe àti ohun tí asẹ́ ń mú lọ.
6. Ewu tí ó wà nínú ògì lásán fún ọmọdé.
7. Ohun tí a fi ń dí àlàfo náà.
8. Ìgúnlẹ̀.

ÀPẸẸRẸ ÀRÒKỌ

Kò sí ìlú tí a kì í ti í mu ògì nílẹ̀ Yorùbá. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni àwọn alákàrà ti ń dáná lẹ́bàá ọ̀nà, bí ọmọdé bá sì jí, abọ́ ògì gbígbóná ni ojú rẹ̀ ń wá. Aláìsàn ń mu ún, abiyamọ ń mu ún, arúgbó tí kò léyín mọ́ náà ń mu ún. Oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀, ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ ohun tí ọ̀rẹ́ wa lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Nínú àròkọ yìí, n ó ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe ògì, oore tí ó ń ṣe fún ara, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Àgbàdo funfun, àgbàdo pupa tàbí ọkà bàbà ni a lè fi ṣe ògì. A ó kọ́kọ́ ṣa ọkà náà, kí a yọ òkúta, ìdọ̀tí àti èyí tí ó ti bàjẹ́ kúrò. Lẹ́yìn èyí, a ó fọ̀ ọ́, a ó sì rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Láàárín àkókò yìí, àwọn kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí yóò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú omi náà. Àwọn ni ó ń mú kí ògì kan. Kíkan yìí kì í ṣe ìbàjẹ́ rárá. Òun ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn kòkòrò tí ń fa àrùn rí àyè gbilẹ̀ nínú ògì.

Nígbà tí ọkà náà bá ti rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí èékánná lè tẹ̀ ẹ́ wọlé, a ó tún un fọ̀, a ó sì gbé e lọ sí ibi ẹ̀rọ kí wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná. Láyé àtijọ́, ọlọ ni àwọn ìyá wa fi ń lọ̀ ọ́. A ó wá ta aṣọ asẹ́ mọ́ ẹnu korobá tí ó mọ́, a ó bu ọkà lílọ̀ náà sórí rẹ̀, a ó máa da omi sí i, a ó sì máa fi ọwọ́ rò ó títí gbogbo ògì inú rẹ̀ yóò fi jò sísàlẹ̀. Ohun tí ó kù sórí asẹ́ ni à ń pè ní èérí. Ewúrẹ́, àgùntàn àti ẹlẹ́dẹ̀ ni a máa ń kó o fún. Lẹ́yìn náà, a ó fi korobá náà sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí omi tòrò kí ògì sì dì sísàlẹ̀. A ó rọra da omi orí rẹ̀, tí à ń pè ní omidùn, kúrò. Bí kò bá sí fíríìjì, a ó bu omi tútù lé ògì náà lórí, a ó sì máa pààrọ̀ omi yìí lójoojúmọ́.

Pípò ògì ni ó ń fi ọ̀jáfáfá hàn. A ó gbé omi kaná. Kí ó tó hó, a ó bu ògì sínú abọ́, a ó sì fi omi tútù díẹ̀ pò ó títí kò fi ní sí kókó kan nínú rẹ̀. Bí a bá fi omi gbígbóná ṣe é, ara kókó náà yóò jinná, inú rẹ̀ yóò sì wà ní tútù. Nígbà tí omi orí iná bá hó yaya, a lè dà á sínú abọ́ náà bí a ti ń rò ó, títí ògì yóò fi dì. Ọ̀nà kejì ni kí a da ògì tí a ti pò náà sínú ìkòkò lórí iná, kí a dín iná kù, kí a sì máa fi orógùn rò ó títí yóò fi ki, kí a tún jẹ́ kí ó hó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọ̀nà kejì yìí ni ó dára jù fún ọmọdé, nítorí pé iná ń jẹ́ kí ó jinná dénú.

Oore tí ògì ń ṣe kò kéré. Ó ń fún ara lágbára, ó rọrùn fún ikùn láti lọ̀, ó sì ń mú kí omi wọ ara. Síbẹ̀, ó yẹ kí a fi í wé oúnjẹ àárọ̀ àwọn ẹlòmíràn. Ní Scotland àti Ireland, ọkà kan tí à ń pè ní oats ni wọ́n ń sè ní àárọ̀. Oríṣi rẹ̀ kan wà tí wọ́n ń fi abẹ irin gé hóró rẹ̀ sí méjì tàbí mẹ́ta. Wọn a bó èèpo òde tí kò ṣe é jẹ kúrò, ṣùgbọ́n wọn kì í sẹ́ ẹ. Èérí rẹ̀ wà nínú abọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi ń pẹ́ lórí iná tó ìṣẹ́jú 20 sí 30, tí ó sì ń dá ebi dúró pẹ́. Nínú èérí yìí ni èròjà kan wà tí ó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù, tí ìjọba Amẹ́ríkà fi gbà ní ọdún 1997 pé kí àwọn tí ń tà á máa kọ ọ́ sára páálí pé ó lè ran ọkàn lọ́wọ́. Ògì kò rí bẹ́ẹ̀. Asẹ́ tí ó mú un jọ̀lọ̀ lẹ́nu ni ó mú apá kan oore rẹ̀ lọ: èérí, ojú ọkà àti apá kan nínú èròjà amúnidàgbà tí à ń pè ní purotéènì.

Fún àgbàlagbà tí yóò jẹ ẹ̀wà ní ọ̀sán, tí yóò sì jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja ní alẹ́, àdánù yìí kò tó nǹkan. Fún ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ní ọdún 1933, Dókítà Cicely Williams, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi oúnjẹ àgbàdo bọ́, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn wú, tí àwọ̀ ara wọn sì ń yí padà. Ní ọdún 1935, ó pe àrùn náà ní kwashiorkor, orúkọ tí àwọn Gã fi ń pe àìsàn tí ń ṣe ọmọ nígbà tí ìyá rẹ̀ bá bí òmíràn lé e. Èmi náà rí irú rẹ̀ nínú ilé wa. Nígbà tí ìyá mi tún lóyún, wọ́n já àbúrò mi lẹ́nu ọmú, ó sì di pé ògì ṣíṣàn ni wọ́n ń fún un láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Nígbà tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, àwọn aládùúgbò ní ó ń sanra. Ìyá wa àgbà nìkan ni kò gbà. Wọ́n fi ìka tẹ ẹsẹ̀ ọmọ náà, ojú ibẹ̀ jìn, kò sì tètè kún. Wọ́n ní kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó lò níbẹ̀ kí ó tó tún rẹ́rìn-ín.

Nọ́ọ̀sì tí ó tọ́jú rẹ̀ kò ní kí ìyá mi da ògì nù. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ó ki, kí wọ́n sì máa po ẹ̀pà lílọ̀, ẹ̀wà sóyà lílọ̀, ẹja gbígbẹ tàbí ẹyin mọ́ ọn. Ìmọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwọn baba ńlá wa. Ìdí nìyí tí ògì àti àkàrà, ògì àti mọ́ínmọ́ín, kì í fi í ya ara wọn. Èròjà tí ó ṣọ̀wọ́n nínú àgbàdo pọ̀ nínú ẹ̀wà. Èyí tí ó sì ṣọ̀wọ́n nínú ẹ̀wà wà nínú àgbàdo. Nítorí náà, àkàrà kì í ṣe ìpanu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògì. Apá kan oúnjẹ náà gan-an ni. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní Òṣòdì ní ọdún 1956 tẹ̀lé ọgbọ́n yìí nígbà tí wọ́n po ẹ̀wà sóyà pọ̀ mọ́ ògì, tí wọ́n sì pè é ní Soy-Ogi. Ẹni tí kò bá rí àkàrà lè fi wàrà tàbí ẹ̀pà sí ògì rẹ̀, kí ó sì jẹ ọsàn lé e. Ṣúgà ni kí ó má pọ̀ jù. Ní ti ọmọ ọwọ́, ọmú ìyá nìkan ni ó tọ́ sí i títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà.

Ní ìparí, ìlera loògùn ọrọ̀. Ògì jẹ́ oúnjẹ àárọ̀ tí apá mẹ̀kúnnù ká, tí ó dùn, tí ó sì ń fún ni lágbára. Ṣùgbọ́n asẹ́ ti gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó dé inú abọ́. Ẹni tí ó bá ń dá nǹkan náà padà ni yóò jẹ oore ògì tán.

ÀKÍYÈSÍ LÓRÍ ÀRÒKỌ YÌÍ

(a) Ó gùn díẹ̀ ju èyí tí o lè kọ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, nítorí pé a fẹ́ kí gbogbo ìgbésẹ̀ hàn. O lè gé e kúrú, ṣùgbọ́n má ṣe gé apá kejì ìbéèrè sọnù.

(b) Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀: a ń ṣa ọkà, a ń rẹ ẹ́, a ń lọ̀ ọ́, a ń sẹ́ ẹ, a sì ń pò ó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń kọ ‘a ó ṣe é’ fún gbogbo wọn kò fi hàn pé òun gbọ́ Yorùbá.

(d) A ti dárúkọ èérí níbi tí a ti ń sọ̀rọ̀ sísẹ́ kí ó tó di pé a fi í fa ọ̀rọ̀ yọ níwájú. Má ṣe já ọ̀rọ̀ tuntun lu olùkàwé ní ìparí.

(e) Ìtàn àbúrò kò gba ju gbólóhùn mélòó kan lọ, síbẹ̀ òun ni ó sọ oore àti ewu di ohun tí ojú rí. Àpẹẹrẹ kan tí ó ṣe pàtó sàn ju ìyìn mẹ́wàá lọ.

(ẹ) Ṣọ́ àmì ohùn. Ẹni tí ó fẹ́ kọ ‘ẹ̀kọ gbígbóná’ tí ó kọ ‘ẹ̀kọ́ gbígbóná’ ti gbé ilé-ìwé kaná.

ÌDÁNRAWÒ

1. Ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe mọ́ínmọ́ín fún ẹni tí kò ṣe é rí.
2. Kọ àròkọ lórí ‘Oúnjẹ tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ jẹ kí ó tó jáde nílé ní àárọ̀.’
3. ‘Gàrí dára fún ara púpọ̀.’ Kọ ìpín afọ̀ kan tí yóò fi ibi tí ọ̀rọ̀ yìí jóòótọ́ dé hàn àti ibi tí kò jóòótọ́ mọ́.