Níbo Ni Èrè Yìí Ti Ń Wá? Ìbéèrè Tí Ó Yẹ Kí Mùsùlùmí Bèèrè Kí Ó Tó Wọ Òwò Orí Ayélujára

KÚTÚBÀ ÀKỌ́KỌ́

Ọpẹ́ ni fún Allāhu, Ọba tí ó dá ẹ̀dá, tí ó sì pín arìsìkí fún un. À ń yìn Ín, à ń wá ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, a sì ń tọrọ àforíjìn Rẹ̀. A jẹ́rìí pé kò sí ẹni tí ìjọsìn tọ́ sí lẹ́yìn Allāhu, a sì jẹ́rìí pé ẹrú Rẹ̀ àti òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni Ànábì Muhammad. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sáhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di Ọjọ́ Ẹ̀san.

Lẹ́yìn èyí, ẹ̀yin onígbàgbọ́ òdodo, mo ń gba ara mi àti ẹ̀yin náà níyànjú pé kí á páyà Ọlọ́hun nínú ìjọsìn wa, kí á sì páyà Rẹ̀ nínú owó wa.

Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ìyá kan nínú àwùjọ wa wá bá mi lẹ́yìn ìrun Àlàásárì. Owó tí ó fi ọdún kan dá ní àjọ, èyí tí ó fẹ́ fi san owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀, ni ó kó sínú òwò kan lórí ẹ̀rọ ayélujára. Ní oṣù kìíní, wọ́n san èrè fún un. Ní oṣù kejì, ó fi èrè náà kún ojú owó. Ní oṣù kẹta, ojú ewé náà kò ṣí mọ́, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pè é kò sì lọ mọ́. Mo bi í léèrè ohun tí òwò náà ń tà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní: “Alfa, n kò bèèrè. Sàfù iwájú ni ẹni tí ó mú mi wọlé ti ń kírun. Kí ni mo tún fẹ́ bèèrè?”

Ẹni tí ó mú un wọlé náà pàdánù owó tirẹ̀. Lónìí, ìdílé méjèèjì ń wá sí mọ́sálásí kan náà, wọn kì í sì í kí ara wọn.

Ẹ̀yin ará, òwò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ànábì wa pàápàá kó ọjà Khadījah lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù. Súúrà Al-Baqarah, ẹsẹ 275, kọ́ wa pé káràkátà jẹ́ ẹ̀tọ́, owó èlé sì jẹ́ èèwọ̀. Súúrà An-Nisā’, ẹsẹ 29, sì kìlọ̀ fún wa pé kí á má ṣe fi èrú jẹ dúkìá ara wa. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín òwò àti èrú yìí ni ó yẹ kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó sì máa ń fi í hàn: níbo ni èrè yìí ti ń wá?

Ẹ wo ẹni tí ó ń ta àdìrẹ Abẹ́òkúta lórí WhatsApp. Ó ra aṣọ, ó fi èrè lé e, oníbàárà sanwó, ó gba aṣọ, ó sì fi wọ̀. A mọ ẹni tí ó san owó, a sì mọ ohun tí ó fi owó náà rà. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí oníbàárà kankan, tí ó jẹ́ pé owó ẹni tí ó wọlé lónìí ni wọ́n fi ń san èrè ẹni tí ó wọlé lánàá, òwò kọ́ nìyẹn. Sogúndogójì ni.

Àrékérekè yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1920, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Charles Ponzi ṣèlérí èrè ìdajì owó láàárín ọjọ́ 45. Owó àwọn tí ó ń wọlé lẹ́yìn ni ó fi ń san ti àwọn tí ó ṣáájú, títí gbogbo rẹ̀ fi wó. Ní Nàìjíríà, MMM ṣèlérí ìdá 30 nínú 100 lóṣooṣù; ní oṣù Kejìlá ọdún 2016 ni wọ́n ti owó àwọn ènìyàn mọ́lé. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, CBEX, tí ó ṣèlérí pé owó yóò di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ 30, ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ẹ rántí bí àwọn tí owó wọn há ṣe ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀ ní Òkè-Àdó ní Ìbàdàn, tí wọ́n ń kó àga àti tábìlì. Ẹni tí owó rẹ̀ ti lọ, kí ni àga ọ́fíìsì fẹ́ ṣe fún un?

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò. Bí ₦100,000 bá ń di ìlọ́po méjì lóṣooṣù, tí a kò sì fọwọ́ kàn án, ní oṣù kejìlá yóò ti di ₦409,600,000. Oko wo, ṣọ́ọ̀bù wo, ọkọ̀ wo ni ó ń mú irú èrè bẹ́ẹ̀ wá? Ẹni tí ó bá ní irú ẹ̀rọ yìí nílé, kí ni yóò fi ₦100,000 tèmi tìrẹ ṣe?

Ẹni tí ó gba èrè kí ilẹ̀kùn tó tì lè rò pé orí òun ni ó gbe òun. Rárá o. Owó ìyá kan ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú owó rẹ̀ jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ohun tí ó lé lórí rẹ̀, kí ó wá ẹni tí ó ni ín. Ní Ọjọ́ Àlùkìyáámọ̀, ìbéèrè méjì ni ó wà lórí owó ọmọ ènìyàn: ọ̀nà tí ó gbà rí i, àti ọ̀nà tí ó gbà ná an.

Nítorí náà, ẹni tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwò orí ayélujára, kí ó di nǹkan mẹ́rin wọ̀nyí mú.

Èkíní, ìwádìí. Súúrà Al-Hujurāt, ẹsẹ 6, pa á láṣẹ pé kí á wádìí ìròyìn kí á má baà kábàámọ̀. Ìwé ẹ̀rí CAC kàn ń fi hàn pé a forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ni. Kò fún un láṣẹ láti gba owó ìdókòwò lọ́wọ́ aráàlú. Àjọ SEC ni ó ń fúnni ní àṣẹ náà, a sì lè wo orúkọ àwọn tí ó gbà á lórí ojú ewé àjọ náà. Pé ẹnì kan ń kírun ní sàfù iwájú kì í ṣe ìwé àṣẹ.

Èkejì, ojú owó. Má ṣe fi owó tí o yá, owó ilé-ìwé, tàbí owó tí ẹlòmíràn fi pamọ́ sí ọ lọ́wọ́ dán òwò wò. Fi díẹ̀ tí o lè pàdánù bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, sùúrù. Ẹni tí ó bá sọ pé àyè náà yóò tì ní òru òní kò fẹ́ kí o ronú ni. Òwò òdodo yóò ṣì wà níbẹ̀ lọ́la.

Ẹ̀kẹrin, ìṣirò. Bí o bá ra ọjà ní ₦6,000, tí o tà á ní ₦8,000, má tíì pe ₦2,000 ní èrè. Yọ ₦1,200 tí ọlọ́kadà gbà láti gbé ọjà náà dé ọ̀dọ̀ oníbàárà, yọ ₦300 owó dátà. ₦500 ni ó kù. Ó kéré, ṣùgbọ́n o mọ ibi tí ó ti wá.

Kí àwa tí a ń tajà náà ṣọ́ra. Ọ̀pọ̀ ń gbé àwòrán ọjà tí kò sí lọ́wọ́ wọn síta, wọn a sì gba owó rẹ̀. Ànábì kọ̀ fún Hakīm ọmọ Hizām pé kí ó ta ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, kọ́kọ́ ra ọjà náà kí o tó tà á, tàbí kí o bá ọlọ́jà ṣe àdéhùn pé aṣojú rẹ̀ ni ọ́, kí ẹ sì fi ẹnu kò sí owó iṣẹ́ rẹ. Bí aṣọ bá ní àbùkù, ya àwòrán àbùkù náà pẹ̀lú. Nígbà tí Ànábì ti ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, tí ó bá omi nísàlẹ̀ rẹ̀, ó bá ọlọ́jà náà wí pé kò gbé èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún èmi àti ẹ̀yin. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀. Òun ni Aláforíjìn, Aláàánú.

KÚTÚBÀ KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Allāhu. Kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá Ànábì Muhammad.

Ẹ̀yin ará, ẹnì kan bi Ànábì bóyá kí òun so ràkúnmí òun, tàbí kí òun fi í sílẹ̀ kí òun sì gbára lé Ọlọ́hun. Ó ní kí ó so ó, kí ó sì gbára lé Ọlọ́hun. Ìbéèrè bíbèèrè ni okùn ràkúnmí wa lónìí. Kì í ṣe àìnígbẹkẹ̀lé, kì í sì í ṣe àrífín sí ẹni tí a bi.

Ẹ̀yin tí ẹ mú ẹlòmíràn wọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ̀ pé èrú ni, ẹ lọ bá wọn kí Jímọ̀ mìíràn tó dé. Ẹ tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ wọn. Bí ẹ bá gba owó kankan nítorí pé ẹ mú wọn wọlé, ẹ dá a padà. Ẹ̀yin tí ẹ pàdánù, ẹ má ṣe fi ìbínú já okùn ẹ̀sìn. Ẹni tí ìtìjú kò bá jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀, kí ó wá bá ìgbìmọ̀ mọ́sálásí ní ìkọ̀kọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi mọ́sálásí yìí polówó ìdókòwò mọ́.

Ọlọ́hun, fi ẹ̀tọ́ tó wa kí á má baà nílò èèwọ̀. Fi ìbùkún sí díẹ̀ tí ó mọ́. Dá ohun tí ó sọnù padà fún àwọn tí a rẹ́ jẹ, tún àárín àwọn tí ó ń bínú síra wọn ṣe, kí O sì jẹ́ kí àwọn ọmọ wa rí iṣẹ́ tí wọn kò ní tijú rẹ̀ níwájú Rẹ. Àmín.

Ẹ dìde fún ìrun, kí Ọlọ́hun kẹ́ yín.