Ta ló ní kí gbogbo ọ́fíìsì máa lo ọ̀rọ̀ aṣínà alága?

Lẹ́tà tó wá láti agbègbè Tchaourou ní Benin gùn, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan níbẹ̀ ń bí èèyàn nínú. Arábìnrin tó kọ ọ́, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ oníkajú, ní láti ìgbà tí wọ́n ti pààrọ̀ sáfà ímeèlì ni fódà tí gbogbo wọn jọ ń lò kò ti ṣí mọ́ fún ẹnikẹ́ni àyàfi alága. Onímọ̀ ẹ̀rọ tó ṣe iṣẹ́ náà ti gbowó, ó ti padà sí Parakou. Àṣẹ tó pa lórí fóònù nìyí: "Kí gbogbo yín máa fi ọ̀rọ̀ aṣínà alága wọlé ná."

Ná kẹ̀! Orúkọ àgbẹ̀, nọ́ńbà fóònù wọn, ìwọ̀n kajú tí kálukú tà àti owó tó ṣẹ́kù fún wọn ló wà nínú fódà yẹn. Lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá pa ìwé kan rẹ́, alága ni ẹ̀rọ yóò kọ sílẹ̀ pé ó ṣe é. Code du numérique, òfin tí Benin gbé jáde ní 20 oṣù kẹrin 2018, sì sọ ọ́ di dandan kí ẹni tó bá kó ìsọfúnni àwọn èèyàn jọ dáàbò bò ó.

Ọ̀rọ̀ aṣínà kan sì tó láti dá wàhálà ńlá sílẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2021, ọ̀rọ̀ aṣínà kan ṣoṣo ni àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì fi wọ ilé-iṣẹ́ Colonial Pipeline ní Amẹ́ríkà. Ti àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́ ni. Páìpù epo dákẹ́ fún ọjọ́ bíi márùn-ún, ilé-iṣẹ́ náà sì san nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.4 dọ́là fún àwọn olè.

Ní ti fódà tó kọ̀ tí kò ṣí, sáfà ímeèlì Exchange ti Microsoft ni ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ yìí ń lò. Lórí Exchange, orúkọ èèyàn kọ́ ni àṣẹ fódà so mọ́, nọ́ńbà gígùn kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S-1-5 ni. Bí wọ́n bá gbé sáfà tuntun kalẹ̀, tí wọ́n sì tún gbogbo àkáǹtì dá láti ìbẹ̀rẹ̀, orúkọ lè bára mu, nọ́ńbà ti yàtọ̀. Fódà ò mọ̀ wọ́n mọ́ nìyẹn.

Kí akọ̀wé kọ́kọ́ ṣí ímeèlì rẹ̀ nínú bùráúsà, láìlo ètò Outlook tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bí fódà bá ṣí níbẹ̀, kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló ṣì ń wá sáfà àtijọ́ kiri. Kí wọ́n dá profile Outlook tuntun sílẹ̀ fún un. Bí kò bá ṣí, àṣẹ ló sọnù. Kí ẹni tó ni fódà lọ sí Propriétés, kó tẹ Autorisations, kó yọ àwọn nọ́ńbà aláìlórúkọ tó bá bá níbẹ̀, kó sì tún mú orúkọ kọ̀ọ̀kan wọlé láti inú ìwé àdírẹ́sì tuntun. Bí fódà bá wà nínú àpótí ímeèlì alága, kí alága jẹ́ kí àpótí náà fúnra rẹ̀ hàn sí àwọn tó mú wọlé yìí pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gbàgbé èyí.

Onímọ̀ ẹ̀rọ tó mọṣẹ́ ìbá ti kọ gbogbo àṣẹ wọ̀nyí sílẹ̀ kó tó fọwọ́ kan sáfà àtijọ́. Kó padà wá parí iṣẹ́ tó gbowó rẹ̀.

Ní ti arábìnrin yìí, ẹ̀rù ń bà á pé àwọn àgbẹ̀ máa rò pé òun ló ba àkọsílẹ̀ wọn jẹ́. Kó fọkàn balẹ̀. Alága ṣì ń rí gbogbo ìwé náà nígbà tó bá wọlé, ìyẹn ni pé ohunkóhun ò sọnù. Kó sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Kí alága pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ lónìí, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe nu sáfà àtijọ́ títí kálukú yóò fi fi orúkọ ara rẹ̀ wọlé.