Àga Tó Ń Tú Ìyẹ̀fun

Níbi ìgbéyàwó kan, àga ike ṣẹ́ mọ́ ẹ̀gbọ́n ìyá mi nídìí lójú gbogbo èrò. Àwọn kan ní wọ́n sanra jù ni. Irọ́ ni. Mo gbé ẹsẹ̀ àga náà, mo fọwọ́ ra á, ìyẹ̀fun funfun kùn mí lọ́wọ́. Oòrùn ti jẹ ike náà tán.

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Polypropylene ni wọ́n sábà fi ń ṣe irú àga bẹ́ẹ̀, kò sì lè dá bá oòrùn jà. Ẹni tó ń ṣe é gbọ́dọ̀ po èròjà adènà oòrùn mọ́ ọn, owó sì ni. Ẹni tó bá yọ èròjà yẹn kúrò kí àga lè rọjú, ó mọ̀ọ́mọ̀ ń la àgbàlagbà mọ́lẹ̀ ni. Inú ṣì ń bí mi.

Ṣùgbọ́n òwe yẹn náà ló ṣi ọ̀rẹ́ mi kan lọ́nà. Ó fẹ́ ṣe ike ata gígún tí ìdérí rẹ̀ so mọ́ ọn lára. Ó ní òun ò ní ra gbàrọgùdù, ló bá lọ ra polycarbonate, tó wọ́n ju polypropylene lọ fíìfíì. Ike tó le ni lóòótọ́, wọ́n ń fi ṣe akoto. Àmọ́ ibi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìdérí ti ń ká kò fẹ́ líle, ohun tó ń tẹ̀ ló fẹ́. Kò pẹ́ tí àwọn ìdérí fi bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Polypropylene ìbá ká ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láì já! Ìgbà tó sì fi máa padà sí i, móòdù irin tó fi ń da ike náà ò bá a mu mọ́: bí polycarbonate bá tutù, kì í sábà súnkì tó 1 nínú 100, ti polypropylene a máa tó 1 sí 2. Ó di dandan kó gé irin tuntun.

Owó kọ́ ló pa ọbẹ̀ yẹn. Ẹ wo táǹkì omi dúdú: ẹ̀fú dúdú tí wọ́n pò mọ́ ọn, tí kò wọ́n, ló ń gbà á lọ́wọ́ oòrùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ike, mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó bèèrè iye tí wọ́n ń ta àpò èròjà ike kan, ẹ bèèrè ibi tí nǹkan náà máa gbé. Ṣé inú oòrùn ni? Ṣé yóò máa ká? Ṣé ẹ̀kọ gbígbóná ni wọ́n máa dà sí i? Polystyrene a máa rọ̀ ní nǹkan bíi 100 digiri. Polypropylene kì í yọ́ títí di nǹkan bíi 160.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ò dúró dè yín. Níbi òde tó kọjá, àga mẹ́ta ni wọ́n fọwọ́ ra kí wọ́n tó jókòó sórí ìkẹrin.