Ẹ Jẹ́ Ká Fi $(…) Rọ́pò Àmì ` Nínú Script Wa

Nínú iṣẹ́ ìwádìí tí mò ń ṣe, script tí àwọn tó ṣáájú wa kọ la ṣì fi ń to fáìlì. Àmì kékeré yìí, ` , pọ̀ nínú wọn. Abẹ́ Esc ló sábà máa ń wà lórí kíbọ́ọ̀dù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí shell ṣe àṣẹ kan, kó sì fi èsì rẹ̀ sí ibi tí a kọ ọ́ sí:

    ojo=`date +%F`

Ó ti wà láti ọdún 1979, nígbà tí shell tí Stephen Bourne kọ jáde pẹ̀lú Unix Version 7. Nígbà tó yá, KornShell ti David Korn gbé ọ̀nà míì wá, POSIX sì gbà á wọlé:

    ojo=$(date +%F)

Èsì kan náà ni. Kí wá ni wàhálà? Àmì kan náà ni ti àtijọ́ fi ń ṣílẹ̀kùn, òun náà ló fi ń tì í. Ẹ wo èyí:

    folda=`basename `pwd``

Orúkọ fódà tí a wà nínú rẹ̀ la fẹ́. Àmọ́ bí shell ṣe rí àmì kejì, ó gbà pé àṣẹ ti parí. Ó ṣe basename lásán, ìyẹn sì figbe ta pé wọn ò fún òun ní nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ náà "pwd" fúnra rẹ̀ ló wá wà nínú folda. Script ò sì dúró o! Tó bá fẹ́ kó èsì ìwádìí yín pamọ́ sínú "$folda", inú fódà tó ń jẹ́ pwd ló máa dà á sí. Tòní lè bo tàná mọ́lẹ̀.

Ẹ lè fi \ síwájú àwọn àmì inú, ṣùgbọ́n tó bá di ìpele mẹ́ta, ojú á pòòyì. Ti tuntun rèé:

    folda=$(basename "$(pwd)")

Àkámọ́ kọ̀ọ̀kan mọ ẹnìkejì rẹ̀. Àmì " yẹn ò sì ní jẹ́ kí orúkọ tó ní àlàfo nínú já sí méjì.

Ẹ má kàn fi find-and-replace pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ o. Ẹ dán èyí wò:

    echo `printf '%s' '\\' | wc -c`
    echo $(printf '%s' '\\' | wc -c)

Ti àkọ́kọ́ á sọ pé 1, ìkejì á sọ pé 2, torí pé ti àtijọ́ máa ń jẹ ẹyọ \ kan. Bákan náà, csh ò mọ $(…) rárá.

Ẹ fi ShellCheck yẹ script yín wò. SC2006 ló máa fi tọ́ka sí ibi tí àmì àtijọ́ wà. Ẹ ṣe àdàkọ fáìlì yín ná, ẹ pààrọ̀ wọn níkọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi èsì méjèèjì wéra kí ẹ tó pa ti àtijọ́ rẹ́.